Sípíkà Méjì àti Etí Bàbá Mi

Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi sùúrù rajà. Tí nǹkan bá ti wù mí, ó ti wù mí nìyẹn, kí wọ́n dì í fún mi kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sípíkà pálọ̀ wa yìí, odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi rò ó. Mo lè jókòó sí ọ́fíìsì ní Aláúsá, kí n máa to fáìlì, kí n sì ṣàdédé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní bóyá ọkọ mìíràn ni mo rí.

Bàbá mi ni mo ń torí wọn rà á. Ọ̀dọ̀ èmi àti ọkọ mi ní Àgídìngbì ni wọ́n ń gbé láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Iléeṣẹ́ kan ní Orégùn ni wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ariwo ẹ̀rọ sì ti ba etí wọn jẹ́. Bẹ́ẹ̀, Bàbá tí mo mọ̀ ní kékeré, tí wọ́n bá ti gbé àpàlà sí i, àwọn ni wọ́n á kọ́kọ́ mọ ibi tí onílù ti ṣìnà. Dókítà fún wọn ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí wọ́n ń kì bọ etí, wọ́n ní ṣe ló ń hó létí àwọn bí òróró àkàrà, ni wọ́n bá jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Bí a bá ti tan orin ní pálọ̀, yàrá ni wọ́n máa wọ̀ lọ. Ó ń dùn mí dọ́kàn. Mo ní tí mo bá rí sípíkà tó lágbára gidi, Bàbá á padà wá jókòó tì wá.

Nígbà tó di Sátidé, èmi àti Bàbá gba Ìkẹjà lọ. Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù sípíkà tá a wọ̀ gbọ́ ohùn Bàbá, ó mọ̀ pé ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tòun ni, ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín ọjà tó ń tà. Ó gbé sípíkà kan tó ga dé ìbàdí mi jáde. Orin dún, àyà mi ń gbọ̀n, etí ìró mi náà ń mì. Kí n tó mọ̀, mo ti ń jó.

Mo ní, “Ẹ di èyí fún wa.”

Ó ní, “Ẹ ní sùúrù, Àǹtí mi. Ẹ gbọ́ ìkejì ná.”

Ìkejì kéré, ṣùgbọ́n ó wúwo bí ọlọ ata. Orin kan náà ló gbé sí i. Háà, mo gbọ́ bí olórin ṣe ń mí kó tó gbé orin. Mo gbọ́ ìka ẹni tó ń ta agídìgbo. Orí mi wú. Mo yíjú sí Bàbá, mo rí i pé òrùlé ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń wò, bí ẹni tó tẹ̀ lé ènìyàn lọ sí báǹkì. Ọkàn mi bà jẹ́.

Àfi bí Bàbá ṣe sọ fún ọlọ́jà pé, “Ṣé o ní súkúrúdíráfà?”

Ojú ọkùnrin náà yí padà, ó rò pé wọ́n fẹ́ tú ọjà òun ni. Mo ṣàlàyé fún un pé bí wọ́n ṣe ń mọ ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn ní Orégùn nìyẹn: wọ́n á fi ẹnu irin náà kan ara ẹ̀rọ, wọ́n á ki ìdí ẹ̀ mọ́ eegun ẹ̀yìn etí, eegun á sì gbọ́ ohun tí etí ò gbọ́.

Ó mú un fún wọn, ó tún tan orin sí sípíkà ńlá, Bàbá sì fi irin náà kan ara ẹ̀. Orí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní, “Àpàlà ni.” Inú mi dùn débi pé mo dì mọ́ ọlọ́jà tí mi ò mọ̀ rí.

Wọ́n kan ìkejì. Wọ́n kan ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, wọ́n kan ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n kan orí ẹ̀. Wọ́n dìde.

“Èyí ni kó o rà,” Bàbá ní. “Àpótí ti ńlá yẹn ń gbọ̀n. Tí ara ẹ̀rọ bá ti ń gbọ̀n, ariwo ara ẹ̀ náà ló ń dà mọ́ iṣẹ́. Ti kékeré yìí dákẹ́ rọ́rọ́. Mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ẹ̀ rárá.”

Ọlọ́jà ní òótọ́ ni Bàbá sọ, pé òun gan-an ò jẹ́ gbé ńlá yẹn sí pálọ̀ òun.

Mo ní, “Ẹ bá wa di ńlá yẹn.”

Láti Ìkẹjà dé Àgídìngbì, Bàbá ò sinmi. Wọ́n ní àwọn rán ọmọ níwèé, ọmọ ò gbọ́n. Wọ́n ní àgbà sọ̀rọ̀ lọ́jà, olówó ò gbọ́. Èmi ń wakọ̀, mò ń rẹ́rìn-ín nínú. Mi ò là á yé wọn, torí tí wọ́n bá fi lè mọ̀ pé torí eegun wọn ni mo ṣe ra èyí tó ń gbọ̀n, wọ́n á ní ká dá a padà.

A gbé sípíkà náà sẹ́yìn àga kan ní pálọ̀, a ti àga mọ́ ọn tímọ́tímọ́. Bàbá jókòó pẹ̀lú ìbínú, wọ́n fi orí ti àpótí náà lẹ́yìn. Ọkọ mi tan orin. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wo ojú wọn.

Bàbá di ojú. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

“Ẹ dín in kù,” wọ́n ní. “Ó ti pọ̀ jù.”