Ewé Odò Tó Lọ sí Alábà

Bí mo bá rí ìgò onídèérí, màmá ará Èkìtì tó ń sin ẹja nínú àpótí gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa n'Ìbà ni mo máa ń rántí. Ewé odò ni wọ́n kó sínú ìgò lọ sí Alábà láti fi ra iná LED. Iná búlúù sọ ewé di dúdú. Wọ́n dá a padà. Àwọn ọlọ́jà ń rẹ́rìn-ín.

Màmá ní, "Ṣebí ewé ló máa jẹ ẹ́? Ẹ jẹ́ kó tọ́ ọ wò."

Ọkọ wọn ní ewé rọ́bà ò bá tó.

Nígbà tó yá, ewé gbilẹ̀, afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ ń yọ lára rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Màmá figbe ta: "Ẹ wá wò ó, ó ń mí!"

Bàbá ló kọ́kọ́ gbé àga dé iwájú àpótí, wọ́n ní ká má dí àwọn lójú.