Ẹ̀rọ Ìṣirò Màmá tó ń Wọn Òjò

Kéréréré, gbà! Ọwọ́ ẹ̀rọ náà há mọ́ mi lọ́wọ́ lágbedeméjì. Mo fi agbára tì í, kò lọ, kò bọ̀. Òróró ẹ̀rọ ń rùn sí mi nímú.

Màmá àgbà tó ń gbé lójúlé kejì sí wa n'Íkẹ̀rẹ́ ló ni ẹ̀rọ ìṣirò yẹn. Irin dúdú ni, ó tó odindi búrẹ́dì, kò lo iná, kò lo bátìrì. Èèyàn á to nọ́ńbà sí i lórí, á wá máa yí ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń lọ ẹ̀wà. Ọ́fíìsì àwọn àgbẹ̀ tí màmá ti ń wọn òjò ló yọ̀ǹda rẹ̀ fún wọn nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Síbẹ̀, màmá ò yéé wọn òjò. Bí àwọn àgbẹ̀ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òjò ọdún yìí tó ti èṣí, ọ̀dọ̀ màmá ni wọ́n ń wá, ẹ̀rọ yẹn ni màmá sì fi ń ro ó pọ̀.

Màmá ti kọ́ mi bí a ṣe ń lò ó. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n kìlọ̀ fún mi: bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, n kò gbọdọ̀ dá a padà lójú ọ̀nà. Mo sì dá a padà.

Mo sá lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ilé ìdáná. Ibẹ̀ ni màmá ti rí mi.

“Ṣé ìwọ ni?”

“Èmi ni, màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

“Lọ mú tọ́ọ̀ṣì wá. Ubi tó há sí là ń wá, a ò wá ẹni tá a máa nà.”

Wọ́n tú ìdérí rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí inú ẹ̀rọ: àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gbogbo wọn ló léyín. Mo ń tanná, màmá ń ṣàlàyé.

“Wo èyí. Bó bá ti ka ẹ̀sán tán, tó fẹ́ padà sí òdo, eyín yìí á ti kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan. Uṣẹ́ ẹ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

Eyín kan dúró láàárín méjì. Wọ́n na abẹ́rẹ́ kóróṣé wọn sí mi, wọ́n ní kí n tì í. Mo rọra tì í. Tá! Ó bọ́ sáyè rẹ̀. Mo yí ẹ̀rọ náà, ó ń lọ geerege. Màmá pàtẹ́wọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, ìgbà yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ òórùn iṣu màmá tó ti jóná lórí iná.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ní yunifásítì, olùkọ́ wa ya bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ro nǹkan pọ̀ sójú pátákó: bí àyè kan bá kún, á ti ẹyọ kan sí èkejì. Mo nawọ́, mo ṣàlàyé ìyókù.

“Ta ló kọ́ ọ?”

“Màmá kan nílé wa ni, sà.”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ẹ̀rọ onírin bẹ́ẹ̀ ló la ọ̀nà náà. Iná mànàmáná kàn wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ eyín ni.

Màmá ti dolóògbé báyìí. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ wọn rò pé idán ló wà nínú fóònù ọwọ́ wọn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ rí, láti ọjọ́ tí obìnrin arúgbó kan ti jẹ́ kó yé mi pé kò sí ohun tí ọmọ aráyé ṣe tí ọmọ aráyé ò lè tú wò.