Ìlà Tó Ṣófo nínú Fọ́ọ̀mù Bàbá

Ọjọ́ tí dókítà ní kí Bàbá máa lọ sílé, ara ń yá gbogbo wa jù. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá òsì wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ̀rọ̀, bí ahọ́n wọn tilẹ̀ wúwo. Màmá ti di ẹrù tán. Ẹ̀gbọ́n Bàbá obìnrin, tí wọ́n ti Ìlọrin wá, ń gba àdúrà ọpẹ́.

Nọ́ọ̀sì gbé fọ́ọ̀mù dé. Kò gbọ́ Yorùbá, èmi ni mo ń túmọ̀. Ó béèrè ẹni tí yóò máa yí Bàbá padà lórí ibùsùn. Ẹ̀gbọ́n Bàbá ní Ọlọ́run ni. Ó béèrè bí Bàbá yóò ṣe máa gun àtẹ̀gùn ilé wa ní Dutse, l'Ábújá. Màmá ní kó tó oṣù kan, sísá ni wọn yóò máa sá gùn ún. "Àmín!" la ṣe, tèmi náà wà níbẹ̀.

Ó wá béèrè pé bí àìsàn náà bá padà, tí Bàbá ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, irú ìtọ́jú wo ni wọ́n fẹ́, irú èwo ni wọn ò fẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Bàbá fò dìde. "Àúsùbiláhì! Kò ní padà! Sọ fún un kó má ṣépè fún àbúrò mi!"

Orí mi gbóná. Bàbá tó ń ta aṣọ òtútù ní ọjà Wúsè, ìgbà òjò ni wọ́n ti máa ń ra ọjà ọyẹ́ sílẹ̀. Ta ló sọ pé ìyẹn ló ń pe ọyẹ́ wá?

Bàbá gbé ọwọ́ ọ̀tún wọn sókè. "Ẹ jẹ́ kí n..."

Mo kàn fẹ́ kí ariwo náà tán ká lè máa lọ. "Ẹ sinmi, Bàbá. A máa sọ ọ́ nílé."

Nọ́ọ̀sì fi ìlà náà sílẹ̀ lófìfo. A ò sì sọ ọ́ nílé. Bí mo bá ti lanu, Màmá á ní kí n má fi ẹnu mi pe ibi.

Àìsàn náà padà, Bàbá ò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́. Dókítà ń béèrè bóyá kí wọ́n ki rọ́bà bọ Bàbá lọ́fun láti máa fi fún wọn lóúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n Bàbá ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Màmá ní Bàbá kò ní fẹ́ ẹ láéláé. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí, wọ́n wá kọjú sí mi.

"Kí ni bàbá ẹ fẹ́?"

Ojú Bàbá là kedere, èmi gan-an ni wọ́n ń wò. Wọ́n ti fẹ́ sọ ọ́ fún wa. Èmi ni mo ní kí wọ́n sinmi.