Bí A Ṣe Gbé Inú Wàsíù Lọ sí Ìbàdàn

Àkùkọ kò tíì kọ tí èmi àti àbúrò mi, Wàsíù, fi kúrò ní Ìgàndò. Ìyá wa sìn wá dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbàdúrà títí Wàsíù fi ní kí wọ́n jẹ́ ká máa lọ, nítorí inú rẹ̀ ti tún ń kùn. Ọdún tí epo bẹtiróò di góòlù ni. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọkọ̀ ní Ìyànà Ìpájà gbọ́dọ̀ tètè jí.

Wẹ́dà ni Wàsíù ní Ìkọ̀tún, ọkùnrin tó ń dá gbé irin géètì tẹ́lẹ̀. Láti bí ọdún méjì ló ti ń ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Gbogbo àdúgbò ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ohun dídùn ló fà á. Wọ́n gba ṣúgà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n gba dòdò, wọ́n fi àgbo kíkorò rọ́pò. Ẹ̀jẹ̀ ò dá. Ilé ìwòsàn kan l'Ékòó ló wá sọ pé ìfun ńlá rẹ̀ ló ń wú, tó ń di egbò. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n dín in kù, ẹ̀jẹ̀ tún dé. Wọ́n tún fún un, wọ́n tún dín in kù, ẹ̀jẹ̀ tún dé. Níkẹyìn wọ́n ní oògùn ò ràn án, àfi kí wọ́n gé ìfun náà kúrò, kó máa gbé àpò ìgbẹ́ kọ́ ikùn. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wà nílẹ̀, a ò tíì ṣe ìdána. Wàsíù ní ó tẹ́ òun lọ́rùn kí òun kú. Ni wọ́n bá darí wa sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn, níbi tí oríṣiríṣi dókítà ti ń jókòó pọ̀ sórí aláìsàn kan ṣoṣo. Àwọn ni yóò sọ bóyá ọ̀bẹ ni tàbí oògùn.

Ọgọ́rùn-ún náírà lẹ́nìkan ni pijó gbà lọ́wọ́ wa, wọ́n sì há wa mọ́ ẹ̀yìn. A ò tíì dé Ṣágámù tí Wàsíù fi bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Mo wò ó, ó gbójú sí fèrèsé. Mo mọ̀ pé kò ní í sọ̀rọ̀. Ni mo bá figbe ta.

"Dẹ́rẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró! Inú ń run mí!"

"Àǹtí, ẹ ò lè mú un mọ́ra dé Ògèrè ni?"

"Tó bá jẹ́ inú mọ́tò yín lẹ fẹ́ kí n ṣe é sí, ẹ máa sáré lọ jàre."

Ó tẹ bíréèkì wàrà. Àwa méjèèjì sọ̀kalẹ̀, Wàsíù wọ igbó, èmi ń ṣọ́nà. Nígbà tí a padà wọlé, èmi ni gbogbo ọkọ̀ ń yínmú sí. N ò tijú, ṣebí àbúrò mi ni.

Òwúrọ̀ Ìbàdàn tutù ju tiwa lọ, wọn kì í sì í kánjú sọ̀rọ̀ bí àwa ará Alímọ́ṣọ́. Onítáksì tó gbé wa kí wa títí ó fi kí àwọn tó wà nílé. "Sé dáadáa lẹ jí? Sé ara le?" ("Sé" tiwọn ni "ṣé" tiwa.) Wàsíù, tí ètè rẹ̀ ti gbẹ pátápátá, dáhùn pé, "Alihamudulilai, a dúpẹ́."

Níbi tiwa, dókítà kan ṣoṣo lò ń rí, á sì ti kọ oògùn kó o tó jókòó tán. Níbí, tábìlì gígùn kan ni wọ́n yí ká: dókítà àgbà tó ń tọ́jú inú, dókítà oníṣẹ́ abẹ, obìnrin onímọ̀ oúnjẹ, àti nọ́ọ̀sì kan. Dókítà àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Báwo lara?"

"A dúpẹ́ sà."

"Ìgbẹ́ ńkọ́?"

"Ó ti ń sàn díẹ̀díẹ̀ sà, Alihamudulilai."

Baba ń kọ ọ́ sílẹ̀! Ara mi ò gbà á mọ́, mo dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, irọ́ ni! Inú igbó Ṣágámù ló ti ṣu ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀ yìí!"

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. "Ṣé bó o ṣe ń dá àwọn tó ń tọ́jú ẹ tẹ́lẹ̀ lóhùn náà nìyí?"

Wàsíù dorí kodò. "Sà, èèyàn kí mi, kí n wá máa ka ìgbẹ́ fún un? Ṣé kí n fẹnu ara mi pe àìsàn ni?"

"Ọmọ mi, wọn ò kí ẹ. Wọ́n ń bi ẹ́ ni. Gbogbo ìgbà tó o bá ti ní 'a dúpẹ́', wọ́n á rò pé o ti gbádùn, wọ́n á dín oògùn kù. Oògùn yẹn ò tíì ráyè ṣiṣẹ́ rí."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi. Ẹ̀kọ́ ilé tí ìyá wa fi kọ́ wa ló fẹ́ gba ìfun lọ́wọ́ ọmọ wọn.

Wàsíù wá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, nọ́ọ̀sì ń rọra bi í. Obìnrin onímọ̀ oúnjẹ ní dòdò kọ́ ló fà á, ebi ló tún ń pa á kún àìsàn. Wọ́n fi òyìnbó jíròrò díẹ̀, wọ́n sì ní kí ọ̀bẹ dúró ná. Kó lo oògùn náà pé, kò gbọ́dọ̀ dín in kù àfi tí àwọn bá ní kó dín in kù. Oníṣẹ́ abẹ rẹ́rìn-ín. "Ọ̀bẹ mi ò lọ ibì kan. Tí oògùn bá kọ̀, a ó tún sọ̀rọ̀."

Wọ́n tún bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn fi tirẹ̀ kún ìwádìí àwọn. Ọ̀pọ̀ ló ń pè é ní àìsàn òyìnbó, àwọn sì fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣe àwa náà. Wàsíù bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun.

"Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀," ni nọ́ọ̀sì wí, "àti òótọ́."

Nígbà tí à ń bọ̀, ó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ní Ògèrè, ó jẹ ẹ́ bí ọmọdé, kò sì bùn mí.

Ilẹ̀ ń ṣú lọ nígbà tí a wọ Ìgàndò. Ìyá wa wà lórí àga níwájú ilé. Wọn ò tilẹ̀ bi wá léèrè ọ̀nà.

"Wàsíù, báwo lara?"

Ó la ẹnu, mo mọ ohun tó fẹ́ jáde. Ó pa á dé. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn.

"Kò dáa, Màámi. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an."

Ìyá wa gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Ọdún méjì ni mo ti ń bi ẹ́," ni wọ́n wí. "Òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá mi lóhùn."