Ẹni Tó Di Orí Téèpù Mú

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: mi ò mutí, mi ò sì sùn. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn Mushin mú bí iná. Bí ẹ bá fẹ́ pè mí ní onírọ́, ẹ dúró kí n sọ ọ́ tán ná, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ bi ògiri ilé náà léèrè. Ó ṣì wà níbẹ̀. Pé ó ṣì wà níbẹ̀ gan-an ni wàhálà mi.

Tíṣà ni mí ní Yaba. Èmi náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ kan tí ìyàwó mi máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, tó ń pè ní Ẹgbẹ́ Aṣa-Àpáàdì. Iṣẹ́ wa ni pé ká máa wá ilé àtijọ́ kiri àdúgbò, ká wọ̀n ọ́n, ká yà á sínú ìwé, ká sì máa ṣa àpáàdì àti àwọn nǹkan ayé ọjọ́un tí àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé bá hú jáde. Ẹ gbà mí gbọ́, kò sí owó níbẹ̀. Àwa mẹ́ta là ń fà á: èmi, Ẹ̀gbọ́n Dípò alága wa, tó yàwòrán ilé ní Surulere títí ó fi fẹ̀yìn tì, àti Àǹtí Sìdí akápò wa, ọmọ Mushin gidi, tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú ìránṣọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yòókù, ọjọ́ tí mínírà bá wà nípàdé la máa ń rí wọn.

Ilé bàbá tó bí bàbá Àǹtí Sìdí lọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ní Pápá Àjàó. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ògiri amọ̀ tó nípọn, fèrèsé tó tẹ̀ kọrọdọ lókè, pákó tí wọ́n gbẹ́ lódòòdó níwájú òkè. Bàbá Bíríkìlà ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá náà, òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ.

Àwọn mọ̀lẹ́bí ti fẹ́ tà á. Ẹni tó fẹ́ rà á fẹ́ wó o, kó fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: ọ́fíìsì ìjọba kan sọ pé àwọn lè dáàbò bo ilé náà kí ẹnikẹ́ni má lè fọwọ́ kàn án mọ́, bí a bá lè mú àwòrán rẹ̀ wá kí iṣẹ́ tó parí lọ́jọ́ kejì ọjọ́ tí mò ń sọ yìí. Àwòrán tó pé ni wọ́n fẹ́, tí ìwọ̀n gbogbo yàrá wà nínú rẹ̀. Bí yàrá kan bá ṣẹ́ kù níbẹ̀, ilé ti lọ nìyẹn. Àǹtí Sìdí, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, kò sọ gbólóhùn márùn-ún láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ojú rẹ̀ pọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń wọn ilé, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ẹni méjì ló ń ṣe é. Ẹnì kan á di orí téèpù mú mọ́ ògiri, á ní, "Ó ti kàn." Ẹnì kejì á gbé ìdí rẹ̀ lọ sí òdìkejì, á fà á le, á ka ìwọ̀n, á wá ní, "Tú u sílẹ̀." Ẹni tó di orí mú kò gbọ́dọ̀ jù ú sílẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ní kó tú u. Àǹtí Sìdí ló kọ́ wa lófin yìí, ọ̀dọ̀ Bàbá Bíríkìlà ló sì ti wá. Wọ́n ní bí ọmọ iṣẹ́ bá gbàgbé láti ní kó tú u, bàbá náà á di okùn ìwọ̀n mú lórí ìdúró títí oúnjẹ rẹ̀ á fi tutù. Ẹ̀rín la máa ń rín sí i nígbà náà.

Nígbà tó di ọ̀sán, Ẹ̀gbọ́n Dípò ṣe ìṣirò, ó họrí. Ìwọ̀n tí a mú níta kò bá ti inú mu. Lẹ́yìn yàrá ìsàlẹ̀ tó gbẹ̀yìn, àyè kan wà nínú ilé tí a kò rí.

"Yàrá kan ṣì kù, Tíṣà," ó ní. "Ẹ bá mi wá a rí. Èmi á máa ya iwájú ilé lọ níta, orúnkún yìí ò jẹ́ kí n lè bẹ̀rẹ̀."

Èmi àti Àǹtí Sìdí wọlé. Kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan ló wà ní ẹ̀yìn yàrá náà, ó bo ògiri. Àǹtí Sìdí dúró, ó ń wò ó.

"Wọn kì í jẹ́ ká ṣeré níbí nígbà tá a wà ní kékeré," ó ní.

"Kí ló dé?"

"Wọ́n kàn ní ká má ṣe é ni." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ wò ó, Tíṣà, kò sẹ́ni tó fi ibojì Bàbá hàn wá rí. Tá a bá béèrè, wọ́n á ní Bàbá wà nílé."

Ó yẹ kí n ti padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ ò mọ irú èèyàn tí àwa jẹ́. Ẹ sọ fún ẹlẹ́gbẹ́ wa pé yàrá kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀, itọ́ ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́nu rẹ̀. Mo fi èjìká ti kọ́bọ́ọ̀dù náà, Àǹtí Sìdí bá mi tì í. Ilẹ̀kùn kúkurú kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo tì í, ó ṣí wọ́ọ́rọ́.

Yàrá tóóró ni, kò ní fèrèsé. Òórùn amọ̀ tútù ló kọ́kọ́ kí mi, amọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò. Ẹ̀ẹ̀rùn la sì wà o, omi ò kan ilẹ̀ àdúgbò yẹn láti ọjọ́ pípẹ́.

"Mi ò wọlé," Àǹtí Sìdí sọ. "Ẹnu ọ̀nà ni mo máa dúró sí."

Mo na orí téèpù sẹ́yìn sí i láìwẹ̀yìn, ọwọ́ kan sì gbà á. Téèpù yẹ́lò wa tó gùn ni, èyí tó ń ká sínú ike rìbìtì bí àwo. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, mo di ìdí téèpù mú, mo wọlé. Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ó ti kàn."

Mo rìn. Mo tún rìn. Mo rò ó lọ́kàn mi pé yàrá yìí gùn ju bí Ẹ̀gbọ́n Dípò ṣe ṣírò lọ, inú mi sì ń dùn, òmùgọ̀ ni mí. Nígbà tí ọwọ́ mi kan ògiri ìkẹyìn, mo fa téèpù le. Ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn padé lẹ́yìn mi. Kò gbá. Jẹ́jẹ́ ló padé, bí ìgbà tí èèyàn kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn.

"Àǹtí Sìdí, ẹ ṣílẹ̀kùn o."

Fóònù ló dún lọ́wọ́ mi. Àǹtí Sìdí ló ń pè.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àbúrò mi ló pè mí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa nínú ilé, mo bá sáré jáde. Mi ò tiẹ̀ ráyè gba téèpù yẹn lọ́wọ́ yín. Ṣé ẹ máa dúró dè mí?"

Mo wo téèpù tó wà lọ́wọ́ mi. Ó le tantan.

"Àǹtí," mo ní, "ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà?"

"Kò sẹ́nì kankan. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n la jọ wà níta níbí. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ wá ṣílẹ̀kùn fún mi. Ẹ wá báyìí."

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn nígbà tí wọ́n wọlé. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ lu ògiri. Ẹ̀gbọ́n Dípò ló wá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó rọra ń sọ ọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọmọdé gbọ́.

"Tíṣà. Ilẹ̀kùn wo? Ògiri nìkan la rí lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù yìí. Wọ́n ti rẹ́ ẹ."

Fóònù náà já.

Ẹ bá mi dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ògiri ń bẹ lẹ́yìn mi, ògiri ń bẹ lọ́tùn-ún, ògiri ń bẹ lósì. Iwájú nìkan ni ọ̀nà wà, ẹni tó di téèpù mú ló sì dúró sójú ọ̀nà náà. Mo na tọ́ọ̀ṣì síwájú. Iná náà kò débi kankan. Téèpù yẹ́lò nìkan ni mo rí, tó nà wọnú òkùnkùn bí okùn ìsáṣọ.

Ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe nìyí: mo ka ìwọ̀n. Ó ti mọ́ mi lára, mo sì rántí ilé Àǹtí Sìdí. Mo ní ó kéré tán kí n ní nǹkan tí màá kọ sínú àwòrán.

Gígùn èèyàn tó dùbúlẹ̀ ni mo rí. Gígùn tèmi gan-an ni. Mo mọ̀ ọ́n, torí èmi ni wọ́n fi ń dán téèpù tuntun wò lẹ́gbẹ́.

Ẹ rò ó wò. Mo ti rìn jìnnà. Bí ẹni tó di orí téèpù mú bá wà lẹ́nu ọ̀nà, ìwọ̀n náà ì bá pọ̀. Téèpù kì í parọ́. Ẹni náà kò sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́.

Mo tún wò ó. Ìwọ̀n náà ti dín. Èmi kò ká téèpù o, mo fi Ọlọ́run búra. Ó kàn ń dín ni, kò sì dẹ̀.

"Ó ti kàn," ohùn náà sọ. Ohùn bàbá àgbà ni, ohùn pẹ̀lẹ́, bí oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń dúró de ọ̀gá rẹ̀. Kò ga, kò sì nílò kó ga.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ẹni tó jẹ́. Mo sì rántí òfin. Kò lè jù ú sílẹ̀ àfi bí mo bá ní kó tú u. Mo la ẹnu láti sọ ọ́, àní ó ti dé orí ahọ́n mi, kí èrò kan tó gbá mi mú: bí ó bá tú téèpù sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á ṣófo. Kí ni ọwọ́ tó ṣófo náà máa wá dì mú?

Mo pa ẹnu mi dé. Mo sunkún. Àgbàlagbà bíi tèmi, tí mo ń na ọmọ ọlọ́mọ ní kíláàsì, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sí ilé ìwé. Ìwọ̀n náà ti wá kù bí apá kan. Èémí rẹ̀ fẹ́ sí mi lójú. Kò gbóná. Òórùn amọ̀ ni.

Mo ju ìdí téèpù sílẹ̀, mo fi èjìká ha ògiri, mo sá. Nǹkan kan tó tutù, tó rọ̀, ra mí lára bí mo ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mi ò mọ bí mo ṣe débi tí mo dé. Mo kàn ṣubú ni, ẹsẹ̀ Àǹtí Sìdí ni mo sì rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi.

Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ni mo ti yọ. Mo wẹ̀yìn. Ògiri gbọingbọin ni mo rí. Ṣùgbọ́n ṣẹ́ẹ̀tì mi kún fún amọ̀ tútù láti èjìká dé ìbàdí, àwọn méjèèjì sì rí i.

Ṣé ẹ mọ ohun tí Ẹ̀gbọ́n Dípò kọ́kọ́ bi mí? "Kí ni ìwọ̀n rẹ̀?" Ọlọ́run ló yọ ọ́, mi ò lágbára láti bú u. Òun fúnra rẹ̀ ló wá yọ ìwọ̀n inú kúrò nínú tìta, ó sì ya yàrá náà síbi tó yẹ.

Àǹtí Sìdí ní tirẹ̀ kúnlẹ̀ tì mí. Ó sọ ọ́ sí mi létí.

"Ṣé ẹ ní kó tú u sílẹ̀?"

Mo mi orí pé rárá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó káwọ́ lérí.

"Ó máa dúró nìyẹn," ó ní.

Àwòrán náà dé ọ́fíìsì lásìkò, wọ́n sì gbà á. A gba ilé náà là. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ iwájú rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lu ihò sí ògiri kankan níbẹ̀. Àǹtí Sìdí dì mọ́ mi, ó sunkún ayọ̀, inú mi dùn fún un, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ẹgbẹ́ wá dìbò pé akọ̀wé ni kó máa mú àlejò yí ilé náà ká lóṣooṣù. Mo ní mi ò lè ṣe é. Wọ́n ní ìtìjú ló ń ṣe mí.

Oṣù tó kọjá, obìnrin kan lára àwọn àlejò mi, tó wá láti Ìlúpéjú, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú yàrá ìsàlẹ̀ náà. "Ọ̀gá," ó ní, "nǹkan yín ti já bọ́ síbí." Lábẹ́ ògiri, níbi tí abẹ́rẹ́ kò lè gbà kọjá, téèpù yẹ́lò wa ti yọ síta, kò ju ìka kan lọ. Kí ó tó nawọ́ sí i, mo ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Ó le lábẹ́ bàtà mi. Ẹnì kan ṣì dì í mú lọ́hùn-ún.

Ẹ wá wo ilé náà o, ó lẹ́wà, ẹ̀yin náà á fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí téèpù nílẹ̀ níbẹ̀, ẹ má fà á, torí ẹni tó bá fà á ni bàbá náà máa gbà pé ó ń wọn ilé. Ẹ má sì sọ gbólóhùn yẹn, "Tú u sílẹ̀," níbẹ̀, kódà bí ẹ bá ń ṣeré. Èmi fúnra mi, láti ìgbà tí mo bá ti wọ ilé náà títí mo fi máa jáde, eyín ni mo fi ń di ahọ́n mi mú.