Bọ́tìnì Tí Ọ̀gá Fótò Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Tẹ̀

Ilé fótò tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti jọ ń ṣiṣẹ́. Àbúrò, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló ń ya àwòrán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Ọ̀gá Fótò, bẹ́ẹ̀ sì ni kámẹ́rà ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí ibà ń ṣe. Bí oníbàárà bá béèrè pé ta ni obìnrin yìí, á ní, "Òun ló ń bá mi gbálẹ̀." Lójú tèmi o, olè ni, kì í ṣe ọ̀gá.

Lọ́jọ́ kan, ara Àbúrò kò gbà á mọ́. Ó kó gbogbo àwòrán tó yà sínú àpótí ìdọ̀tí inú kọ̀ǹpútà, níbi tí ohun tí èèyàn bá pa rẹ́ máa ń wà. Ọ̀gá Fótò ṣí àpótí náà, ó fẹ̀rín kó wọn padà lójú àwọn oníbàárà, ó sì lé e jáde. Àbúrò dì í sínú. Ó ríṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan, ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà nínú fèrèsé dúdú kan lójú kọ̀ǹpútà. Ohun tí èèyàn bá fi àṣẹ yẹn pa rẹ́ kì í gba inú àpótí ìdọ̀tí kọjá.

Kò pẹ́ tí kọ̀ǹpútà Ọ̀gá Fótò fi kún, tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ilé iṣẹ́ ńlá kan sì ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì wá wo àwòrán rẹ̀. Ta ló ránṣẹ́ pè, bí kò ṣe Àbúrò? Ojú kò tiẹ̀ tì í.

"Wá bá mi tún un ṣe. Ṣé àbúrò mi kọ́ ni ẹ́ ni?"

Àbúrò jókòó, ó kọ ìlà àṣẹ kan ṣoṣo sínú fèrèsé dúdú. Orúkọ àpò tí gbogbo àwòrán wà nínú rẹ̀, "Iṣẹ́ Ọ̀gá", hàn gbangba nínú ìlà náà. Ó wá gbọ́wọ́ kúrò. Bí èèyàn bá fẹ́ da àpótí ìdọ̀tí nù, kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ béèrè bóyá ó dá a lójú. Àṣẹ yìí kì í béèrè nǹkan kan, nítorí náà Àbúrò bá a béèrè.

"Bọ̀dá, ẹ kà á kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì. Ohun tó bá lọ ò ní padà mọ́. Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́ ni?" Ó na ìka, ó tẹ̀ ẹ́.

Kọ̀ǹpútà fúyẹ́ lóòótọ́. Inú Ọ̀gá Fótò ń dùn títí ó fi wá àwòrán tì. Ó sáré ṣí àpótí ìdọ̀tí, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó kọjú sí Àbúrò.

"O ti pa mí. Iṣẹ́ tìẹ náà ṣáà ló wà níbẹ̀."

Ó dun Àbúrò, torí kò ní ẹ̀dà kankan nílé. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe dùn ún lọ. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ó já kámẹ́rà bàbá wọn lára ògiri, ó fi kọ́ ọ̀gá lọ́rùn.

"Ilẹ̀ tí mò ń bá yín gbá, mo ti gbá a tán. Wọ́n ń bọ̀ lọ́la, Bọ̀dá. Ẹ lọ ya òmíràn."