Ègbè Láti Ojú Fèrèsé

Mo ti wo sinimá yẹn kó tó dé Ẹ̀pẹ́, mo sì rí i dájú pé gbogbo àdúgbò wa ló gbọ́ pé mo ti wò ó. Tísà ọ̀dọ́ ni mí ní Ìkòròdú nígbà náà, ní nǹkan bí ọdún 1955, mo sì ní ẹnu. Inú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ wa ni wọ́n ti fi hàn wá. A jókòó sórí àga, a gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, a pa ẹnu dé, nítorí wọ́n ti kọ́ wa pé bí ọ̀làjú ṣe ń wo nǹkan nìyẹn.

Sinimá olórin ni, aláwọ̀ mèremère. Obìnrin òyìnbó kan ni ọkọ rẹ̀ bá ọkọ̀ ojú òkun lọ, tí kò sì padà bọ̀ mọ́. Dípò kí obìnrin yìí jókòó kó sunkún bí ènìyàn, orin ló ń kọ. Ó ń kọrin bó ti ń fọ abọ́, ó ń kọrin bó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó sì ń bá ìgbálẹ̀ jó. Fèrè àti ìlù ń dún láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Apẹja kan tó wá láti Ìbẹ̀ṣẹ̀, tó jókòó lẹ́yìn mi, kò lè mú un mọ́ra.

"Àwọn onílù dà?" ló pariwo. "Ṣé inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n kó wọn sí ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi yíjú padà, mo pòṣé sí i, mo ní kó jẹ́ ká gbọ́ràn. Ó ní kí n má bínú, òun kàn ń bèèrè ni, ṣé ó yẹ kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ má fojú kan èrò. Ojú ń tì mí nítorí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mi ò mọ̀ ọ́n rí.

Apá kan wà nínú sinimá náà tó mú gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́. Obìnrin yìí jáde sínú ọgbà òdòdó, kùrukùru bo ibẹ̀, ó sì ń kọrin pe ọkọ rẹ̀. Ọkọ náà bá yọ láti inú kùrukùru. Ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń rí igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ láti inú àyà rẹ̀. Ó rìn bọ̀, ó di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n jó. Bí orin ṣe ń tán lọ ni ọkùnrin yẹn ń parẹ́, títí ó fi ku obìnrin náà nìkan, tó na ọwọ́ méjèèjì síwájú láìdi nǹkan kan mú. Wọ́n wá gbé ojú rẹ̀ súnmọ́ wa tó fi kún gbogbo aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀, a sì rí omijé tó dúró sí ìpéǹpéjú rẹ̀, tí kò já bọ́.

Tísà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ló ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní wọ́n ya obìnrin yẹn, wọ́n sì tún ya ọkùnrin náà lé e lórí nínú fíìmù kan náà, ìdí nìyẹn tí ara ọkùnrin náà fi fẹ́lẹ́. Inú mi dùn sí àlàyé yìí ju sinimá fúnra rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣe é fún ẹni tó bèèrè àti ẹni tí kò bèèrè.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gba ìsinmi, mo wá sílé ní Ẹ̀pẹ́. Bàbá mi, tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó gàrí láti Àgbọ̀wà wá tà, ti kú láàárín táàmù, ìyá mi sì wà nínú opó. Mùsùlùmí ni wá láti ìgbà tí àwọn baba ńlá wa ti sá wá láti Èkó, àwọn ẹbí bàbá mi kì í sì í fi ọ̀rọ̀ opó ṣeré. Opó kì í jáde ilé, kì í lé tìróò, kì í gbé ohùn rẹ̀ sókè kí ọkùnrin ìta gbọ́. Obìnrin tó bá ba opó ọkọ rẹ̀ jẹ́, ọ̀rọ̀ náà kì í tán lẹ́nu àwọn ènìyàn, wọn a máa sọ ọ́ lẹ́yìn àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá. Ti ìyá mi tún wá le, nítorí òun ni olórí àwọn obìnrin tó ń kọ wákà ní àdúgbò wa. Kò sí ìyàwó tí a gbé, kò sí Àlàájì tó ti Mẹ́kà dé tí a lọ pàdé, tí kì í ṣe òun ló ń dá orin. Ẹnu rẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò, bóyá yóò lè dákẹ́.

Ó dákẹ́. Mo bá a nínú yàrá rẹ̀, tẹ̀súbà lọ́wọ́, ó ń fọhùn jẹ́jẹ́ bí aláìsàn. Mo dúpẹ́ nínú ara mi pé kò ní dójú tì wá.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni onísinimá kan gbé mọ́tò rẹ̀ dé pẹ̀lú sinimá kan náà, ó sì wo pápá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa pé ibẹ̀ ló tẹ́jú jù. Òpó méjì ló rì mọ́lẹ̀, ó ta aṣọ sinimá sáàárín wọn, ẹ̀yìn aṣọ náà sì kọjú sí fèrèsé yàrá ìyá mi lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Aṣọ fẹ́lẹ́ ni, ẹni tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ á rí àwòrán bíi ti ẹni tó wà níwájú. Mo fẹ́ ti fèrèsé náà. Ìyá mi ní kí n fi sílẹ̀, ooru ń mú. Mo sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún un nípa ohun tí àwọn ènìyàn lè wí, ó ní inú òkùnkùn lòun máa jókòó sí, ta ló máa rí òun?

Lẹ́yìn ìrun ìṣáì ni sinimá bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọdé wà nílẹ̀, àwọn obìnrin wà lórí ẹní, àwọn ọkùnrin dúró yí wa ká, àwọn tí kò ríbi dúró sì lọ sí ẹ̀yìn aṣọ. Orí àga níwájú ni èmi wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó akọ̀wé káńsù, tó ti gbé Èkó rí, tí mo sì fẹ́ kó mọ̀ pé èmi náà kì í ṣe ará oko. Ògbufọ̀ kan mú gbohùngbohùn dání, ó ń túmọ̀ òyìnbó fún wa.

Àwọn ará àdúgbò wa kò mọ̀ pé ó yẹ kí èèyàn pa ẹnu dé. Nígbà tí ìròyìn dé pé ọkọ̀ ọkọ obìnrin náà ti rì, gbogbo orí ẹní ló kí i: "Ẹ kú ọ̀fọ̀ o! Ọlọ́run á tù yín nínú!" Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìgbálẹ̀ jó, wọ́n bínú sí i. Wọ́n ní ṣé kò ní ẹbí ni, tí kò sẹ́ni tó máa gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kó sì mú un jókòó. Nígbà tí ọkọ yọ láti inú kùrukùru, àwọn ọmọdé fò dìde, wọ́n ki eré mọ́lẹ̀, bàbá arúgbó kan sì ń ké kálímà kíkan kíkan. Ògbufọ̀ ní láti pariwo pé: "Kì í ṣe òkú o! Ọkàn rẹ̀ ló ń rò ó! Ẹ padà wá jókòó!"

Ìyàwó akọ̀wé ń fi aṣọ ìnujú bo ẹ̀rín. Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mo tẹ̀ sí etí rẹ̀, mo ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ya ọkùnrin náà lé obìnrin náà lórí, pé tó bá wo igi ẹ̀yìn yẹn dáadáa, á rí i.

Orin ọgbà yẹn ní ibì kan tí obìnrin náà ti máa ń gbé ohùn sókè, á fà á, á wá dákẹ́ díẹ̀ kó tó tún gbé e. Nínú orin tiwa, ibi tí àwọn elégbè ti ń gbà á nìyẹn. Ẹni tó bá dá orin tí a kò gbè é, a ti bú u. Obìnrin òyìnbó yẹn dákẹ́, kò sẹ́ni tó gbè é. Ó tún gbé e, ó tún dákẹ́. Ni ohùn kan bá gbà á láti òkè, láti ẹ̀yìn aṣọ sinimá, ohùn tó kún, tó mọ ibi tó ń lọ. Kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Ó kàn gbé ohùn obìnrin yẹn níbi tó já a sí, ó sì gbé e dé ilé.

Kó tó di pé mo mí, àwọn obìnrin orí ẹní ti gbè é. Ohùn olórí wọn ni, ara wọn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, wọn ò rò ó lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo pápá bá kún fún ègbè, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, òyìnbó ń dá, Ẹ̀pẹ́ ń gbè, títí orin fi parí. Lẹ́yìn náà ni gbogbo orí yí kúrò lára aṣọ sinimá sí fèrèsé wa.

"Ta nìyẹn?" ni ìyàwó akọ̀wé bi mí.

Mi ò tíì la ẹnu tí ọmọ kan fi dáhùn láti ìsàlẹ̀: "Ìyá tísà ni! Ìyá opó!"

Ojú tì mí. Ó wù mí kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì pẹ̀lú àga tí mo jókòó lé. Mi ò mọ bí sinimá náà ṣe parí.

Mo bá ìyá mi lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kò tan àtùpà. Mo ní: "Ìyá, ẹ ti dójú tì wá."

"Kò sẹ́ni tó gbè é," ló wí.

"Sinimá ni! Obìnrin yẹn ò gbọ́ yín, kò mọ̀ pé ẹ wà láyé."

"Mo mọ̀."

Mo dúró nínú òkùnkùn, mo ṣàlàyé fún un bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán lé ara wọn lórí, pé kò sí òkú kankan, pé ọkùnrin yẹn wà nílùú òyìnbó tó ń jẹun. Ó gbọ́ mi tán. Ó wá bi mí pé: "Àwọn tó ṣe é, èèyàn wọn wo ló kú?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní kí n lọ sùn.

Ní òwúrọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá àgbà, dé. Òun ni olórí ẹbí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní àtúnsọ, kò sì tíì wá sílé wa láti ìgbà tí a ti ṣe fídàú bàbá mi. Bó ti gun òkè wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó tó jókòó pàápàá, mo ti wà lórí eékún.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ bo àṣírí wa. Ìbànújẹ́ ló dà á lórí rú, kò mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú fo ìyá mi."

Ohùn ìyá mi wá láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì yàrá: "Ta ló rán ọ?"

Bàbá àgbà wò mí lọ, wò mí bọ̀. "Ta ló bá ìyá rẹ jà?" ló wí. Ó jókòó, ó kọjú sí kọ́tìnnì náà, ó sì wúkọ́.

"Ìyàwó."

"Bàbá."

"Ẹ̀yìn aṣọ sinimá ni mo wà lálẹ́ àná. Mi ò ríbi dúró níwájú."

"Mo rí fìlà yín."

Bàbá àgbà tẹ̀ síwájú. "Ọkùnrin tó jáde láti inú kùrukùru yẹn," ló wí, "nígbà tó ń rìn bọ̀... Mo ní bóyá ojú mi ni. Ara ti ń di ara àgbà."

"Kì í ṣe ojú yín, Bàbá."

"Ìwọ náà rí i?"

"Èjìká kan ló ń ṣáájú," ni ìyá mi wí, "bí ẹni tó fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà tóóró kọjá."

"Láti kékeré ni! Bàbá wa nà án títí lórí ìrìn yẹn, kò fi sílẹ̀." Bàbá àgbà ṣí fìlà, ó fi nu ojú. "Àbúrò mi ni mo rí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pè é."

"Bó ṣe máa ń ti etí omi bọ̀ nírọ̀lẹ́ nìyẹn," ni ìyá mi wí, ohùn rẹ̀ sì ti ń já. "Mo rí i tó ń bọ̀, tí a dá orin fún un, tí gbogbo ayé dákẹ́. Ẹnu mi là, mi ò mọ̀."

"Opó rẹ ò bàjẹ́. Ẹni tó bá ní ó bàjẹ́, ní kó wá sọ ọ́ níwájú mi."

"Ẹ ṣé, Bàbá."

Mo ṣì wà lórí eékún, ẹnikẹ́ni kò rántí mi. Mo ń wá ọkùnrin yẹn nínú orí mi, mo fẹ́ rí bó ṣe rìn. Igi ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wo sinimá náà, igi yẹn ni mo ń wò.

Bàbá àgbà yíjú sí mi, ó ti ń rẹ́rìn-ín nínú omijé. "Ìwọ tó jókòó níwájú, ìwọ lo máa rí i dáadáa jù. Ṣé ìrìn bàbá rẹ kọ́ ni, tísà?"

Ìtìjú tó mú mi lálẹ́ àná kò tó èyí. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," ni mo wí. "Ìrìn rẹ̀ ni."

Mo gbọ́ tí ìyá mi mí kanlẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ó ti mọ̀ pé irọ́ ni mo pa.